Ògiri Amọ̀ Tí Òfin Fẹ́

Ọjọ́ tí Onífáìlì, ọkùnrin ìjọba tó ń yẹ ihò èédú wò, bá ń bọ̀, adìyẹ ilé Bàbá Eléèédú ló máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Ẹnì kan ní ọ́fíìsì ìjọba á pe Bàbá lórí fóònù ní kùtùkùtù, Bàbá á ní, "Ó dáa, ẹ ṣeun gan-an," kò sì ní tíì gbé fóònù kúrò létí tí yóò fi nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyàwó rẹ̀ ti mọ èyí tó sanra jù. Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, méjì ni wọ́n pa. Ẹyọ kan ni wọ́n sè fún ọkùnrin náà nígbà tó wá kẹ́yìn, lẹ́tà tó sì kọ ránṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ kún ojú ewé mẹ́ta.

Ẹyinjú ló ń tu ìyẹ́ wọn. Òun nìkan ni ọmọbìnrin tí Bàbá Eléèédú bí, Bàbá ló sì fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní Ẹyinjú. Oyún oṣù méje wà nínú rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń wo ìsàlẹ̀ òkè níbi tí ẹnu ihò èédú bàbá rẹ̀ wà. Ibẹ̀ ò jìn sílé rárá. Ó ń rí àwọn ọkùnrin tó ń gbá iwájú ihò, tí wọ́n ń to bárò sí ìlà kan bí ọmọ iléèwé tí ọ̀gá àgbà fẹ́ wá wò.

Ọkọ rẹ̀ tẹ̀ ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé. Agùntáṣọọ́lò ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀ ò yẹ kó máa wa èédú rárá. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé orí ìkúnlẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́ láàárọ̀ dalẹ́, pé kì í wa èédú, ṣe ló ń bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ kú iṣẹ́, Màmá," ó kí ìyá ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣa ìrẹsì. "Bàbá ní ká tètè wọ ẹ̀yìn lọ."

"Ta ni 'ká'?" Ẹyinjú bi í.

"Èmi, Bíríkìlà, àti Àlejò. Àwa tí a ò sí nínú ìwé."

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí ò le. Ìwé àṣẹ tí ìjọba fún Bàbá Eléèédú sọ pé ènìyàn mẹ́fà péré ló gbọdọ̀ máa wọ ihò náà, nítorí pé afẹ́fẹ́ tí fáànù rẹ̀ ń fẹ́ wọlé kò tó ju ti ènìyàn mẹ́fà lọ. Mẹ́sàn-án ló ń wọ ọ́. Bí Onífáìlì bá dé, àwọn mẹ́ta tó lé á lọ sá pamọ́ sí apá ibi tí wọ́n ti wa èédú rẹ̀ tán, tí wọ́n ń pè ní ẹ̀yìn. Wọ́n á fi pákó dí ẹnu rẹ̀, wọ́n á ta àpò bò ó, wọ́n á gbé àkọlé "Ewu" kọ́ ọ. Afẹ́fẹ́ ń gba ojú àpò wọlé. Kí ìdajì wákàtí tó pé, Onífáìlì á ti lọ, àwọn mẹ́ta náà á jáde tẹ̀rín-tẹ̀rín wá jẹ ìyókù ọbẹ̀. Ìgbà mẹ́rin ni wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀, nǹkan kan ò ṣe ẹnikẹ́ni.

"Màmá," Ẹyinjú ní, "ọdún kejì rèé tí mo ti ń sọ ọ́. Ẹ kọ orúkọ ọkọ mi sínú ìwé."

"Ọmọ ilé ni," ìyá rẹ̀ dáhùn, kò gbójú sókè. "Ta ló ń kọ orúkọ ọmọ ilé mọ́ ti alágbàṣe? Ṣé àbùkù lo fẹ́ fi kàn án ni?"

"Àbùkù wo? Àwọn tó wà nínú ìwé, tí òkúta bá já lù wọ́n, ìjọba á wo àwọn ìyàwó wọn."

"Tìẹ ò ní já lu ọkọ ẹ. Pa ẹnu ìyẹn dé, oyún wà níkùn ẹ."

Ọ̀rọ̀ dídùn kì í náni lówó. Orúkọ kan nínú ìwé, àyẹ̀wò dókítà ni, akoto tuntun ni, owó ìbánigbófò ni lóṣooṣù. Bàbá Eléèédú kọ orúkọ ọmọ ọlọ́mọ, nítorí ọmọ ọlọ́mọ lè lọ fẹjọ́ sùn. Àna rẹ̀ ò lè fẹjọ́ sùn, nítorí náà ó pè é lọ́mọ.

Agùntáṣọọ́lò rẹ́rìn-ín. Irú ènìyàn tí ń rẹ́rìn-ín kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀ ni. "Fi í sílẹ̀, jàre. Ìdajì wákàtí ni. Fi itan kan pamọ́ dè mí." Ó bu omi sínú ike rẹ̀, ó tún tẹ̀ ba lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ. Ó ku díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án lù.

Nígbà tí Ẹyinjú sọdá títì lọ yá àwo tí kò fọ́, Télọ̀ ń fi ẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu obìnrin náà. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà nínú àwọn mẹ́fà tí ìwé mọ̀.

"Àwo lẹ ń wá?" Télọ̀ ní. "Èmi rò pé igi tí ẹ máa fi ti àjà ihò yẹn lẹ ń wá. Ọmọ mi ní èyí tó wà níbẹ̀ ti ń fọ́ bíi bisikíìtì."

"Ẹ ò sọ fún Bàbá."

"Èmi? Kí wọ́n wá lé ọmọ mi? Mẹ́fà ni wọ́n ní ẹ jẹ́, àbí? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ." Ó fi eyín gé òwú. "Àwo aláwọ̀ ewé ni kóo mú, aláwọ̀ funfun yẹn jẹ́ ti ìyá mi."

Onífáìlì dé ní aago mẹ́wàá nínú jíìpù, òun àti dẹ́rẹ́bà rẹ̀. Ọkùnrin kékeré kan ni, bàtà rẹ̀ mọ́ tónítóní, ó so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọ̀n afẹ́fẹ́ mọ́ àyà bí àwọn mìíràn ṣe ń so aago mọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n Ẹyinjú ló mú un wọ ihò lọ. Séfútì ni wọ́n ń pe ẹ̀gbọ́n yìí, nítorí òun ló lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba fún oṣù mẹ́ta, tó gba ìwé ẹ̀rí pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń dáàbò bo ẹ̀mí lábẹ́ ilẹ̀. Òfin ní ihò kan ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ láìsí irú ènìyàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi gíláàsì sí ìwé ẹ̀rí náà, wọ́n gbé e kọ́ ojú pálọ̀.

Wọn ò pẹ́ nínú ihò. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán bí wọ́n ṣe ń gòkè bọ̀ wá sílé, nígbà tí Onífáìlì fi máa fọwọ́ tán, òjò ti ń rọ̀ gidi. Ẹyinjú gbé ìrẹsì wọlé, ìyá rẹ̀ gbé ọbẹ̀ tẹ̀lé e. Bàbá Eléèédú fúnra rẹ̀ ló ń rọ omi ọsàn.

"Mo ti fọwọ́ sí i," Onífáìlì ní, ó gbé fáìlì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. "Kò wọ́pọ̀ kí n fọwọ́ sí i níbẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe iṣẹ́ ògiri yẹn dáadáa."

Inú Séfútì dùn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ bá rí wọn! Wọ́n fi ìka kàn án báyìí, kó-kó-kó. Wọ́n tan iná ṣáná síwájú rẹ̀, iná ò mì. Wọ́n ní èémí eṣinṣin ò lè gba ibẹ̀ kọjá."

"Amọ̀ ni," Onífáìlì ní, ó ń ya apá adìyẹ. "Mo sọ ọ́ nínú lẹ́tà. Àpò kọ́ la fi ń dí ibi tí wọ́n ti wa èédú tán. Òkú afẹ́fẹ́ ló máa ń kún irú ibẹ̀. Kò rùn, kò gbóná. Fìtílà á kàn kú, ẹni tó wà níbẹ̀ á sùn lọ, ó parí. Amọ̀ ló yẹ ká fi rẹ́ ẹ pa kó má baà jáde sí àwọn òṣìṣẹ́ lára."

Ẹyinjú gbé abọ́ ìrẹsì dání, kò gbé e kalẹ̀. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti sá lọ sí ibòmíràn.

"Gbé e kalẹ̀," ni bàbá rẹ̀ wí jẹ́ẹ́jẹ́.

Ní ilé ìdáná, ó di ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láṣọ mú.

"Bọ̀dá, amọ̀ lẹ fi rẹ́ ẹ?"

"Ohun tí lẹ́tà sọ nìyẹn."

"Nígbà wo?"

"Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí wọ́n wọlé tán. Bí mo bá rẹ́ ẹ lánàá, ibo ni wọn ì bá gbà wọlé?" Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ìdáhùn gidi nìyẹn. "Bíríkìlà fúnra rẹ̀ ló po amọ̀ náà fún mi. Ó fi hàn mí bí wọ́n ṣe ń fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ dán an. Kó tó wọlé nìyẹn."

"Afẹ́fẹ́ wo ni wọ́n ń mí?"

Séfútì yíjú sí ẹnu ọ̀nà.

"Oṣù mẹ́ta tí ẹ lò lọ́hùn-ún, kí ni wọ́n kọ́ yín?"

"Mo ṣírò rẹ̀," ó ní. "Ènìyàn mẹ́ta, bí ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Ó yẹ kó gbé wọn fún wákàtí kan." Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kejì bò ó kí àbúrò rẹ̀ má baà rí i. Ó ti di aago mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

"Ẹ lọ fọ́ ọ!"

"Dẹ́rẹ́bà rẹ̀ wà lẹ́nu ihò. Ó sá òjò síbẹ̀. Ṣé kí n gbé dígà kọjá níwájú rẹ̀ ni?"

Ìyá wọn ti ilẹ̀kùn ilé ìdáná. "Ẹ rọra sọ̀rọ̀," ó ní. "Ṣé ẹ fẹ́ kó gbọ́ ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá, mo fẹ́ kó gbọ́!"

"Kó gbọ́ kó wá ṣe kí ni? Kó wá fi kọ́kọ́rọ́ sẹ́nu ihò bàbá ẹ? Kí gbogbo wa máa jẹ iyanrìn? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọkùnrin yẹn ti jẹun dé ìdajì. Ó máa tó dìde."

Kò dìde. Ẹni tó bá mọ bí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe ń jẹun lọ́fẹ̀ẹ́ á mọ̀ pé òjò ni wọ́n ń wá, òjò sì ti dé. Onífáìlì ní òun ò lè fi bàtà yìí tẹ ẹrẹ̀. Ó na ẹsẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó fẹ́ kọ́ ìmọ̀ òfin, bí ọmọ náà ṣe gbọ́n, bí àwọn olùkọ́ ṣe ń ṣe ìlara rẹ̀. Bàbá Eléèédú ń rẹ́rìn-ín níbi tó yẹ, ó ń ní "ẹ ò rí nǹkan!" níbi tó yẹ. Ẹyinjú wọlé wá kó àwo kó lè mọ̀ pé oúnjẹ ti tán. Onífáìlì di àwo rẹ̀ mú.

"Ìyàwó, má tíì gbé e. Ṣé itan kankan ò sí mọ́?"

Ọ̀kan wà. Abẹ́ abọ́ kékeré kan nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni Ẹyinjú fi í sí. Ìyá rẹ̀ mọ ibẹ̀, òun náà ló lọ gbé e wá, ó da ọbẹ̀ gbígbóná lé e.

Ẹyinjú dúró, ó ń wò ó bó ṣe ń jẹ itan náà. Kì í kánjú. Ó jẹ ẹran, ó jẹ iṣan, ó fọ́ orí egungun, ó fa mùdùnmúdùn inú rẹ̀. Ọmọ inú Ẹyinjú tàpá. Bóyá ìyẹn ló tì í, bóyá kì í ṣe ìyẹn. Ohun tí gbogbo wọn rí ni pé ó kúnlẹ̀ lójijì lórí símẹ́ǹtì, ó di eteetí tábìlì mú.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ènìyàn wà lẹ́yìn ògiri yẹn. Ènìyàn mẹ́ta. Ọkọ mi wà níbẹ̀. Láti aago mẹ́sàn-án ni."

Onífáìlì gbé egungun sílẹ̀, ó mú aṣọ ìnuwọ́, ó nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

"Ìyàwó," ó ní, "mo ti fọwọ́ sí i."

"Ọ̀gá, ẹ gbà mí."

"Gbọ́ mi. Mo kọ ọ́ síbí pé mo dé ibi ògiri, mo fọwọ́ kàn án, kò sí ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ènìyàn bá wá wà níbẹ̀, a jẹ́ pé èmi náà wà nínú àwọn tó sé wọn mọ́ ibẹ̀. Ṣé ìyẹn lo fẹ́ kí n lọ sọ?" Ohùn rẹ̀ tutù, bí ẹni ń ṣàlàyé fọ́ọ̀mù fún ẹni tí kò mọ̀wé. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Bàbá Eléèédú. "Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ilé yìí. Ẹ jẹ́ kí mọ́tò mi kọjá kọ̀rọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan ògiri yẹn. Tí ẹ bá fọ́ ọ nígbà tí mo ṣì wà níbí, mo di ẹlẹ́rìí, á sì di dandan kí n ya ìwé yìí."

"Ọ̀gá, a gbọ́," ni Bàbá Eléèédú dáhùn.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ eléyìí, nítorí ọkùnrin náà ò sáré. Bàtà tí kò fẹ́ fi tẹ ẹrẹ̀, ó bọ́ ọ, ó fi ọ̀rá wé e. Ó pe dẹ́rẹ́bà lórí fóònù pé kó gbé mọ́tò wá sẹ́nu ọ̀nà. Màmá ti di ìyókù adìyẹ sínú ike fún un, kò sì gbàgbé rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yìí, Bàbá Eléèédú di Ẹyinjú lọ́rùn ọwọ́ mú. Nígbà tó fẹ́ já ara rẹ̀ gbà, ó fún un le sí i. Ó ń fi ọwọ́ kejì juwọ́ sí mọ́tò.

"Bàbá, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Kò tíì dé kọ̀rọ̀."

"Bàbá!"

"Kò tíì dé kọ̀rọ̀, mo ní!"

Nígbà tí jíìpù wọ kọ̀rọ̀ tán, ó fi í sílẹ̀. Ipa ìka mẹ́rin wà lọ́rùn ọwọ́ Ẹyinjú.

Àwọn mẹ́fà ló fọ́ ògiri, pẹ̀lú Séfútì. Wọn ò jẹ́ kí Ẹyinjú kọjá ẹnu ihò, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ dígà. Amọ̀ náà tutù síbẹ̀, ó ń jábọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀, pákó abẹ́ rẹ̀ ló le. Fìtílà àkọ́kọ́ tí wọ́n nà wọlé kú. Wọ́n ní láti fi àpò máa fẹ́ ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó lè wọlé.

Wọ́n fi bárò gbé wọn jáde. Agùntáṣọọ́lò ò gba inú bárò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wọ́ nílẹ̀ láti inú ihò títí dé ìta, òjò ń fọ èédú kúrò lójú rẹ̀. Kò jọ ẹni tó jìyà. Ó jọ ẹni tó sùn lásán, ìyẹn gan-an ló mú kí Ẹyinjú máa gbá a léti, tó ń pè é pé kó dìde, kó dìde, ọkùnrin yẹn ti lọ. Wọ́n gbé Bíríkìlà tẹ̀lé e. Amọ̀ kún abẹ́ èékánná tirẹ̀.

Àlejò ló ku èémí díẹ̀ sí nínú. Ọkùnrin tó ti ọ̀nà jíjìn wá wá iṣẹ́ ni, kò tíì pé oṣù méjì láàárín wọn. Ó dojú bolẹ̀ níbi tí pákó kan ò ti kan ilẹ̀ dáadáa. Wọ́n da omi sí i lórí, ó bì, ó sunkún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bi í.

"Bíríkìlà fẹ́ pariwo. Nígbà tí ọ̀gá yẹn fi ìka gbá ògiri, ó fẹ́ pariwo pé ká ṣí i. Agùn fọwọ́ dí i lẹ́nu. Ó ní ilé àna òun ni, ojú kò ní jẹ́ kí òun ba tiwọn jẹ́. Ó ní ó ku ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó dí i lẹ́nu títí ọ̀gá náà fi lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, nígbà tí àwa náà wá fẹ́ pariwo, ohùn ò jáde mọ́. Bíríkìlà fọwọ́ ha ògiri títí."

Ìyá Ẹyinjú sún mọ́ ọn. "Ikú tí ì bá pani, tó bá ṣíni ní fìlà, ká dúpẹ́," ó wí fún Àlejò, ó fi aṣọ bò ó léjìká. Kí ìyálẹ̀ta tó lọ tán, Bàbá Eléèédú ti fi owó ọkọ̀ sí i lápò, ó sì ti ní kí Séfútì fi ọ̀kadà gbé e dé ibùdókọ̀. Wọn ò jẹ́ kó wẹ̀.

Àwọn ará àdúgbò dúró lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ Télọ̀, wọ́n ń wo bárò méjì tí wọ́n fi tapólì bò, tí wọ́n ń tì lọ sí ẹ̀yìn ilé ìkẹ́rùsí. Ẹsẹ̀ kan yọ lábẹ́ tapólì. Kò sí ẹni tó ga tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àdúgbò.

"Èédú ni wọ́n ń kó," ni ẹnì kan wí.

"Òjò yìí á ba èédú jẹ́," ni ẹlòmíràn dáhùn.

Télọ̀ wo ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ti bárò kejì. Ọmọ náà ò wo ìyá rẹ̀. Obìnrin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀ yìí padà sídìí ẹ̀rọ, ó ń rán ibi tó ti rán tẹ́lẹ̀.

Ní ọ̀sán, Bàbá Eléèédú ti ilẹ̀kùn pálọ̀, ó pe ìdílé rẹ̀ jókòó. Àwo Onífáìlì ṣì wà lórí tábìlì. Kì í ṣe ọkùnrin tó ń pariwo, kò sì pariwo.

"Mẹ́fà ló wà nínú ìwé, mẹ́fà ló sì wà láàyè. Lójú òfin, ẹnikẹ́ni ò kú níbí lónìí. Òkè odò lọ́hùn-ún, kòtò àwọn ajíwa-èédú wà níbẹ̀, ó máa ń ya lu ènìyàn. Ọ̀la ni wọ́n máa rí wọn níbẹ̀. Ìwà olójúkòkòrò ni, wọ́n lọ jí èédú wa nínú òjò. Ó tán."

"Ọkọ mi kì í ṣe olè," Ẹyinjú ní.

"Mo mọ̀."

"Ẹ máa pè é lólè."

"Ó kúkú sàn ju orúkọ tí ìwọ fẹ́ kí wọ́n pè é lọ." Bàbá rẹ̀ tẹ̀ síwájú. "Ṣé o gbọ́ ohun tí Àlejò sọ? Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà gbọ́. Ta ló dí Bíríkìlà lẹ́nu? Ṣé èmi ni? Bí o bá la ẹnu ẹ níta, ohun tí Àlejò sọ lèmi náà máa sọ. Bíríkìlà ì bá wà láàyè, gbogbo wọn ì bá wà láàyè, bí kì í bá ṣe ọwọ́ ọkọ ẹ. Ọmọ tó wà nínú ẹ ń bọ̀ wá gbé láàárín àwọn ènìyàn yìí. Ọmọ olè, ẹ̀rín ni wọ́n á fi í rín, ó máa tán. Ọmọ apànìyàn ńkọ́?"

Séfútì fi orí gbá ògiri lábẹ́ ìwé ẹ̀rí rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Bàbá rẹ̀ ní kó dẹ́kun, gíláàsì lè já. Ó dẹ́kun.

Ìyá Ẹyinjú fà á mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn, ó ń sọ fún un pé ilé yìí ò ní lé e, pé yàrá rẹ̀ ni yàrá rẹ̀, pé bàbá rẹ̀ á tọ́ ọmọ náà bí ọmọ ara rẹ̀. Ẹyinjú ò sunkún. Ó ní òun fẹ́ lọ jókòó síta, afẹ́fẹ́ inú ilé ń há òun láyà.

Oòrùn tún yọ nígbà tó ku díẹ̀ kí aago márùn-ún lù. Ìyàwó Bíríkìlà gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀ títì, ó ru agbọ̀n aṣọ tó ti lọ̀. Alágbàfọ̀ ni. Nígbà tí oyún Ẹyinjú ṣì ń mú un bì káàkiri, òun ló máa ń wá fọ aṣọ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀. Ó sọ agbọ̀n kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó kí Màmá, ó kí Bàbá tó dúró lójú fèrèsé.

"Ẹ bá mi pe Bíríkìlà, ẹ jọ̀ọ́. Ọmọ kékeré ń gbóná, a fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì."

"Bíríkìlà?" Màmá ní. "Kò wá síṣẹ́ lónìí o."

"Kò wá? Òun ló sì sọ fún mi láàárọ̀ pé iṣẹ́ amọ̀ kan wà níbí tí òun fẹ́ bá yín ṣe kíákíá."

"Bóyá ó ríṣẹ́ síbòmíràn. Àwọn ọkùnrin yìí, ṣé wọ́n ń sọ ibi tí wọ́n ń lọ ni?"

Alágbàfọ̀ wo Màmá, ó wo fèrèsé, ó wá yíjú sí Ẹyinjú tó jókòó sórí àpótí rẹ̀. Ara rẹ̀ balẹ̀ bó ṣe rí i.

"Ìyàwó Agùn, ìwọ kì í parọ́ fún mi. Ṣé o rí ọkọ mi lónìí?"

Màmá ń kó aṣọ kúrò nínú agbọ̀n, ó ń to èyí tí kò yẹ ní títò. Bàbá Eléèédú ò kúrò lójú fèrèsé. Láti ibi tí Ẹyinjú jókòó, ó ń rí igun tapólì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìkẹ́rùsí, bí obìnrin yìí bá sì yí ọrùn díẹ̀ báyìí, òun náà á rí i. Ẹyinjú gbé ọwọ́ lé ikùn.

"Ìyàwó Agùn?"

"Mi ò rí i," Ẹyinjú ní. "Kò wá síbí."

"Ó dáa. Tí ìwọ bá ti sọ bẹ́ẹ̀." Obìnrin náà gbé agbọ̀n òfìfo sórí. Ó wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ dáadáa, ó rí i pé ó ti rẹ̀ ẹ́, ó sì rò pé oyún ni. "Lọ sinmi, jàre, iṣẹ́ ti pọ̀ jù fún ẹ lónìí. Tèmi á dé, tìẹ náà á wọlé wá bá ẹ láyọ̀. A ò ní fi ọwọ́ òfo dúró de ọkọ wa."

"Àmín," Ẹyinjú ní.